Bẹ́ẹ̀dì Nìkan Kọ́ Ni Ọsibítù: Bí Ilé Ìwòsàn Ìlú Yín Ṣe Lè Múra De Àjàkálẹ̀ Àrùn Tuntun

Ní oṣù January 2021, nígbà tí kòrónà padà dé lẹ́ẹ̀kejì tó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Bàbá ẹni ọdún 69 kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já sí 81, sílíńdà tó ń lò sì ti ń tán lọ. A ń wo ọwọ́ aago rẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ibi pupa. Sílíńdà mẹ́ta tó kún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀. Sípánà tí a fi ń ṣí wọn ni a kò rí. Ó wà nínú àpò ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ẹni náà sì ti lọ sùn sílé rẹ̀ ní òdì kejì ìlú. Ìṣẹ́jú 37 ni ọ̀kadà fi lọ tó fi bọ̀. A dá bàbá dojú bolẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, mò ń ka mímí rẹ̀ títí sípánà fi dé. Bàbá yè é. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní ọjọ́ kọkànlá.

Láti òru ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ní "ọsibítù ti kún", kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Kí ló kún? Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni, àbí ọ́síjìn ló tán, àbí nọ́ọ̀sì ló ṣẹ́ ku ẹyọ kan? Bí ẹ bá ń fi àrọ da epo sínú ìgò, ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ kọ́ ló ń sọ bí epo ṣe máa yá tó, ìdí rẹ̀ tó tóóró ni. Gbogbo ọsibítù ló ní ìdí àrọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa ni pé ká wá ibẹ̀ rí ká sì fẹ̀ ẹ́ kí àìsàn tó dé.

Mo kọ èyí fún àwọn ọ̀gá ọsibítù ìlú, àwọn mátírọ̀nì, àwọn tó ní ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè fi owó wọn ṣe. Ẹ kò nílò ìmọ̀ ńlá. Ìwé, bírò àti ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀ gan-an

Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Ẹ má lọ bèèrè iye bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ọ́fíìsì, torí iye tó wà nínú fáìlì ni wọ́n máa sọ fún yín. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé sùn lé, èyí tí aláìsàn máa ń wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ lásán, èyí tí ọ́síjìn lè dé, àti èyí tí nọ́ọ̀sì alẹ́ lè fojú tó.

Níbi tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, fáìlì sọ pé bẹ́ẹ̀dì 60 ló wà. Mẹ́fà ti kán lẹ́sẹ̀. Nínú 54 tó kù, 41 ló máa ń ní aláìsàn lójoojúmọ́ láìsí àjàkálẹ̀ kankan: ibà, ìjàǹbá ọkọ̀, ìtọ̀ súgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, aboyún. Ó ku 13. Nínú 13 yìí, ọ́síjìn lè dé mẹ́jọ. Nínú mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì alẹ́ lè mójú tó mẹ́rin péré. Mẹ́rin yẹn ni ọsibítù náà ní láti fi kojú àrùn tuntun, 60 tí wọ́n kọ sí fáìlì kò sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ orílẹ̀-èdè olówó sílẹ̀. Agbègbè Lombardy ní àríwá Ítálì ní bẹ́ẹ̀dì ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù) bí 720 kí kòrónà tó dé, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti máa ń ní aláìsàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù February 2020 ni wọ́n rí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Codogno. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 7 oṣù March, wọ́n ti ya bẹ́ẹ̀dì ICU 482 sọ́tọ̀ fún kòrónà nìkan ní ọsibítù 55. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ 20 oṣù February sí ọjọ́ 18 oṣù March, aláìsàn 1,591 ló ti wọ ICU ní agbègbè kan ṣoṣo yẹn. Ní London ẹ̀wẹ̀, wọ́n sọ gbọ̀ngàn ExCeL di ọsibítù Nightingale láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 3 oṣù April 2020, wọ́n sì ní ó lè gba 4,000 ènìyàn. Aláìsàn tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ yẹn kò tó 60. Bẹ́ẹ̀dì wà lọ́pọ̀ yanturu; nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ ICU ni kò tó, torí ọsibítù tí wọn ì bá ti fà wọ́n yọ náà ń wá wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe ìṣirò bí bẹ́ẹ̀dì ṣe máa kún

Iye aláìsàn tó ń wọlé lójúmọ́, lọ́nà iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò: ìṣirò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni mẹ́rin bá ń wọlé lójúmọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo ọjọ́ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀dì 40 ni ẹ máa nílò. Bí ẹ bá rí ọ̀nà tí wọ́n á fi máa lo ọjọ́ méje, 28 ti tó. Ẹ wò ó dáadáa: bẹ́ẹ̀dì 12 ni ẹ rí láìra mátírẹ́ẹ̀sì kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà àbájáde ṣe pàtàkì bí ọ̀nà àbáwọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kòrónà, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró kí àyẹ̀wò rẹ̀ fi hàn lẹ́ẹ̀méjì pé àrùn ti kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá nínú wọ́ọ̀dù nígbà tí ẹni tí kò lè mí wà nínú ọkọ̀ ní géètì. Ní ọjọ́ 27 oṣù May 2020, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, yí ìlànà náà padà: ọjọ́ mẹ́wàá láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta sí i láìsí ibà àti ikọ́, ẹni náà lè máa lọ sílé. Nínú àrùn tó bá dé lọ́la, ẹ bèèrè láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: kí ni a máa rí ká tó ní kí ẹnì kan máa lọ? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ má baà máa bẹ̀rù láti buwọ́ lu ìwé.

Ẹ tún fi í sọ́kàn pé àjàkálẹ̀ kì í fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i. Bí iye tó ń wọlé bá ń di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin òní á di mẹ́jọ, á di 16, á di 32 kí ọjọ́ 15 tó pé. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́ọ̀dù kún kó tó fóònù fún ìrànlọ́wọ́ ti pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ́síjìn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ikú tí kò yẹ kó wáyé.

Ẹ kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan àwọn tó ń nu ilẹ̀, bí a ṣe ń ka sílíńdà. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni bí ikùn irin náà ṣe tóbi tó, ní lítà. Èkejì ni agbára tí aago ń kà, ní bar. Ẹ fi ọ̀kan lọ́nà èkejì, ẹ ó mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀. Sílíńdà ńlá onílítà 46 tí wọ́n fún dé 150 bar ní lítà 6,900. Bí aago bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé 50, ó ku 2,300. Ẹni tó ń lo lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan máa lò ó tán ní wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 50. Bí agogo bá ti lu mọ́kànlá lálẹ́, ẹ ti mọ̀ pé kò ní rí aago mẹ́ta òru. Ẹ kọ wákàtí tó máa tán sára pílásítà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sílíńdà náà lára, kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò.

Aláìsàn tó ń lo lítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan ń gba lítà 7,200 lójúmọ́, ìyẹn ju odindi sílíńdà ńlá kan lọ. Ẹni tó ń lo 15 ń gba 21,600, ó ju mẹ́ta lọ. Ẹ wá mú bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ, kí ìdajì wọn máa lo márùn-ún, kí ìdajì yòókù máa lo 15: sílíńdà ńlá 17 lójúmọ́. Ọsibítù ìlú mélòó ló ní 17? Ta ló ń lọ rọ ọ́ sínú wọn, níbo, ọkọ̀ wo ló ń gbé wọn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú? Ẹ fóònù fún ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọ́síjìn fún yín lónìí, ẹ bi wọ́n léèrè ọsibítù mélòó mìíràn ni wọ́n ti ṣèlérí fún. Lọ́jọ́ tí gbogbo yín bá sáré dé ibẹ̀, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún?

Èkó tóbi, ó lówó, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ọ̀fìn yìí. Ní January 2021, Gómìnà Sanwo-Olu sọ fún ará ìlú pé sílíńdà onílítà 6 tí ọsibítù Mainland ní Yábàá ń lò ti kúrò ní 70 lójúmọ́, ó ti di 350. Sílíńdà onílítà 6, bí wọ́n bá fún un dé 150 bar, lítà 900 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó ń lo mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan ààbọ̀ péré ni. Ẹ fojú inú wo àwọn tó ń gbé e wọlé tí wọ́n ń gbé òfìfo jáde, láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀.

Nítorí náà:

Ẹ ka régúlétọ̀ yín, irin tí a ń dè mọ́ ẹnu sílíńdà kí ọ́síjìn lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ti dé ibi tí sílíńdà mẹ́sàn-án wà pẹ̀lú régúlétọ̀ mẹ́rin; sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n ní. Ẹ ka sípánà, kí ẹ fi okùn so ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́ sílíńdà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kó má kúrò níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ní owó díẹ̀, ẹ ra ẹ̀rọ concentrator, èyí tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ yàrá. Ọ̀pọ̀ wọn ń fúnni ní lítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi í fún àwọn tí àìsàn wọn kò le jù, kí sílíńdà kù fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà ikú. Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ. Ẹ ṣírò epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, kí sílíńdà kan sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, torí láàárín ìgbà tí iná lọ sí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ dún, ènìyàn ń mí.

Ẹ má fi ọ́síjìn ṣòfò. WHO ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ wà ní 90 sókè lójú oximeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ láti orí ìka, kí ti aboyún wà ní 92 sí 95 ó kéré tán. Ẹni tó wà ní 99 lórí lítà mẹ́wàá ń lo ọ́síjìn ẹlòmíràn. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró ti ẹni náà bí ẹ ṣe ń dín in. Dídá aláìsàn tó mọ ara rẹ̀ dojú bolẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ náà máa ń gbé ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ sókè, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ sọ́ra fún iná. Ọwọ́ tó ní òróró tàbí ìpara kò gbọdọ̀ kan régúlétọ̀. Àbẹ́là, sìgá àti sítóòfù kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà. Ní oṣù April 2021, iná sílíńdà ọ́síjìn jó ọsibítù Ibn al-Khatib ní Baghdad, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn kòrónà, ó sì pa ju ènìyàn 80 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹnu ọ̀nà

Ẹni tó gbé àrùn tuntun wá kò ní kọ ọ́ sí iwájú orí. Ní ọjọ́ 20 oṣù July 2014, Patrick Sawyer, ará Liberia tó ti kó Ébólà, bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà, ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n gbé e lọ, First Consultant ní Ọbáléńdé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò rí Ébólà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fura, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gbé aláìsàn náà jáde. Àrùn yẹn ló pa á ní ọjọ́ 19 oṣù August. Ènìyàn 20 ló ní i ní Nàìjíríà, Sawyer wà lára wọn, mẹ́jọ kú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àwọn tó fara kan aláìsàn lọ bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní bí ìgbà 18,500, láti ilé dé ilé, kí WHO tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù October pé Nàìjíríà ti bọ́. Nígbàkígbà tí mo bá rántí obìnrin yẹn, mo máa ń rò ó pé, ká ní ẹni tó wà ní géètì tiwa ni, ṣé yóò fura?

Ẹ gbé tábìlì síta, lábẹ́ igi tàbí àgọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dé kàǹtà. Ẹnì kan tó gbọ́n, tó wọ ìbomú àti ìbọ̀wọ́, yóò bi ẹni tó ń bọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló ń ṣe yín, níbo ni ẹ ti rìn dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ló ń ṣàìsàn nílé tàbí òkú ta ni ẹ tọ́jú? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ nítorí Ébólà àti ibà Lásà lè fara pa mọ́ fún ọjọ́ 21. Oximeter kan àti ẹ̀rọ ìwọn ìgbóná wà lórí tábìlì náà. Ẹni tí a bá fura sí kò gbọdọ̀ gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbogbòò. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, yàrá tirẹ̀ ní fèrèsé méjì tó kọjú síra, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ èyí ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ọdọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lásà ń dé bá ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, ó sì máa ń jọ ibà lásán ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Wọ́n ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti Lásà nìkan. Bí ẹ bá lè rán nọ́ọ̀sì méjì lọ síbẹ̀ kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, owó ọkọ̀ náà kò lọ lásán. Nígbà tí a bá ń bọ́ ọ ni àrùn máa ń rí wa mú, nígbà tó ti rẹ̀ wá.

Nípa omi àpaàrùn: bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike Jik, ife Jik kan pẹ̀lú ife omi mẹ́fà ló ń jẹ́ 0.5%, ẹ fi í nu ilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ àti èébì. Ife kan nínú àpòpọ̀ yìí pẹ̀lú omi ife mẹ́sàn-án ló ń jẹ́ 0.05%, èyí tí a lè fi fọ ọwọ́ níbi tí kò bá sí ọṣẹ. Ẹ po tuntun láràárọ̀, torí agbára rẹ̀ máa ń lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́

Kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè wà ní ìdúró tọ̀sán-tòru, iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lọ́nà ọjọ́ méje jẹ́ 21 lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ nílò ènìyàn mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ pè é ní márùn-ún nítorí ìsinmi àti àìsàn. Wọ́ọ̀dù tó fẹ́ nọ́ọ̀sì méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ mẹ́wàá. Ẹ wá yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, torí nínú àjàkálẹ̀, àwọn tiwa náà máa ṣàìsàn. Pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ti já pa lọ sí òkè òkun, ẹ mọ iye tó ṣẹ́ kù.

Ẹ kò lè bí nọ́ọ̀sì tuntun lọ́sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ lè tú iṣẹ́ ká. Ẹ kọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe láàárín wákàtí mẹ́jọ, kí ẹ bi ara yín léèrè èwo nínú rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì nìkan lè ṣe. Bíbọ́ aláìsàn, yíyí i padà, kíka oximeter ní wákàtí wákàtí, gbígbé sílíńdà, fífi fóònù bá ẹbí sọ̀rọ̀: ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ìránṣẹ́ wọ́ọ̀dù lè ṣe é lábẹ́ ojú ẹnì kan tó mọṣẹ́. Ẹ kọ́ wọn nísinsìnyí. Ẹ wá àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú yín, ẹ gba nọ́ńbà wọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọn á lè ràn yín lọ́wọ́ nínú wọ́ọ̀dù tí àrùn náà kò sí, torí ọjọ́ orí wọn kò jẹ́ ká fi wọ́n sí iwájú ogun. Ìyẹn á dá ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀ nínú ooru wa kò lè pẹ́ nínú rẹ̀. Níbi ìtọ́jú Ébólà, bí wákàtí kan ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó jáde. Ẹ pín iṣẹ́ náà: ẹni méjì wọlé, ẹnì kan dúró síta tó ń wo aago tó sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ láti ojú fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé ní òun nìkan.

Nípa owó: ẹ san owó ewu fún wọn lásìkò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ohun tí ẹ máa ṣe bí òṣìṣẹ́ bá kó àrùn náà: ibo ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, ta ló máa san án, ta ló máa wo àwọn ọmọ rẹ̀? Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sùn sínú yàrá ìkó-ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko torí kò fẹ́ gbé àrùn lọ bá ìyá rẹ̀ nílé. Kò sí ẹni tó ṣètò yàrá fún un. Ó fi páálí tẹ́ ilẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, torí ilé àlejò ìjọ kan wà ní òdìkejì títì tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú, a kò sì ronú láti bèèrè. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, èyí ni iṣẹ́ yín: ẹ wá yàrá mẹ́wàá tó sún mọ́ ọsibítù, kí ẹ sì ṣètò oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Aboyún kò mọ̀ pé àjàkálẹ̀ dé

Aboyún á máa bímọ, ìjàǹbá ọkọ̀ á máa ṣẹlẹ̀, ẹni tó ní ìtọ̀ súgà á máa wá oògùn. Nígbà Ébólà ní Liberia, Sierra Leone àti Guinea, ẹ̀rù ọsibítù ba àwọn ènìyàn, wọ́n jókòó sílé, ọ̀pọ̀ ló sì kú ikú tí kì í ṣe ti Ébólà rárá. Nítorí náà, ẹ ya wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, yàrá iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì àti ibi ìfún-ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá, pẹ̀lú géètì tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì kéde lórí rédíò àdúgbò, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, pé géètì yẹn ṣì ṣí. Iṣẹ́ abẹ tó lè dúró, kó dúró. Ẹni tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, ẹ fún un ní ti oṣù mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má dá ẹrù náà rù

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ pe gbogbo ilé ìwòsàn tó wà láàárín ìrìn wákàtí kan, ti ìjọba àti aládàáni, ẹ jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ pín iṣẹ́. Ta ló máa gba àwọn tí àrùn náà mú? Ta ló máa gba aboyún? Ta ló ní ọkọ̀ áńbúláǹsì tó ń rìn? Ẹ ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa fi nọ́ńbà mẹ́ta sí ní aago méje àárọ̀: bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, sílíńdà tó kún, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àdúrà àti àwòrán ránṣẹ́ síbẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń ṣe ni pé kò ní sí ẹni tí wọ́n á máa gbé aláìsàn kiri láti géètì dé géètì títí á fi gbẹ́mìí mì nínú ọkọ̀. Lombardy gan-an, ọ̀kan lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń pín aláìsàn káàkiri ọsibítù wọn láti ibì kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ pè é ní ọjọ́ tí ẹ bá fura, kí ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò.

Àwọn tí àìsàn wọn kò le lè wà nílé, bí Èkó ṣe padà ṣe fún ọ̀pọ̀ aláìsàn kòrónà ní 2020, bó bá jẹ́ irú àrùn tí èyí ṣeé ṣe fún. Ébólà àti Lásà kò sí nínú èyí. Ẹ bi wọ́n ṣáájú: ṣé yàrá kan wà tó lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan? Nínú ilé oníyàrá-kan tí ènìyàn méje ń sùn sí, ìtọ́jú ilé kò sí níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn fún un. Ẹni tó bá lọ sílé, ẹ fún un ní oximeter bí ó bá wà, ẹ máa pè é lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá já wálẹ̀ sí 93, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, kó padà wá kíá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹbí àti òkú

Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ ní wákàtí kan pàtó lójúmọ́, kó dá fóònù tirẹ̀ mú. Ẹni tí kò gbúròó bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ méjì á fò fẹ́ńsì wọlé, n kò sì lè bá a wí. Bí ẹnì kan bá sì kú, ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹbí dúró ní ọ̀ọ́kán tó jìnnà díẹ̀ kó rí i bí wọ́n ṣe di òkú náà àti bí wọ́n ṣe sin ín. Kí alúfàá tàbí àfáà wọn gbàdúrà níbẹ̀. Ààyè mọ́ṣúárì náà, ẹ kà á mọ́ ohun tí ẹ ń kà ní ìgbésẹ̀ kìíní.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Nígbà tó bá rọlẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn ìkẹyìn bá lọ sílé, ẹ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, títí kan ọlọ́dẹ géètì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí nǹkan ti dí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń tètè parẹ́ lọ́kàn. Ẹ rọ gbogbo sílíńdà kún padà kí owó pàjáwìrì tó tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò rí oorun sùn rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ tún rìn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wákàtí méjì ló ń gbà wá.